Èjìká Kunihiko

Kunihiko ọmọ mi,

Mo kí ìwọ, aya rẹ àti àwọn ọmọ. Oògùn orúnkún tó o fi ránṣẹ́ dé, kò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ ọdún òrìṣà, Sayoko aya àbúrò rẹ ní kí n máa wòran lójú fèrèsé òkè. Mo ní, "Ta ló ń ti òkè wo òrìṣà nílẹ̀? Ṣé orí rẹ pé?" Mo fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ogójì ọkùnrin fi ọ̀pá gígùn gbé ilé òrìṣà kékeré lé èjìká níwájú mi, ó ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó dára ju ti ìlúkílùú lọ! Àmọ́ ààyè olóògbé bàbá rẹ ṣófo lábẹ́ ọ̀pá. Olórí wọn pariwo, "Màmá, èjìká Kunihiko là ń dè!"

Wá lọ́dún tó ń bọ̀. Òrìṣà á ṣọ́ yín. Bí o bá ti dé, màá tún fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀.

Ìyá rẹ,
Tome