Ọkọ̀ Ojú Omi Bàbá Rẹ

Kọ́ládé ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Orúnkún mi ti ń sàn. Mo tún kí... ṣé ojú káfíńtà tó o rán wá láti Òṣogbo fọ́ ni? Ọ̀dà ló kàn kùn bo pákó tó ti jẹrà lára ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ. A tì í sódò Ẹ̀rìnlẹ̀, ó rì tòun ti ẹ́ńjìnnì, owó rẹ sì bómi lọ.

Amos ará Ìfọ́n ló bá bàbá rẹ kàn án, o ní n ò gbọdọ̀ pè é torí ìjà ilẹ̀ Ìfọ́n àti Ìlobù tiwa. Ṣé orí ilẹ̀ lọkọ̀ yẹn ń rìn ni? Mo ti pè é. Ó ní ká ra irókò tuntun, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tó o bá fẹnu ara rẹ bẹ òun. Bẹ̀ ẹ́ lónìí, olóríkunkun. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

Peace, ka lẹ́tà tó ò ń bá mi kọ yìí kí n gbọ́, má sì fo ibi tí mo ti bú u.