Mo Forúkọ Sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, Ọmọ Ìgbòho Ṣì Ni Mí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Rámọ́tà ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Ajégúnlẹ̀, àsàlámù àlékùn. Mo kí ìyá mi, tí mo mọ̀ pé wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí wọ́n bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Mùráínà, ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àsìkò òjò. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Fóònù yín ni mo kọ́kọ́ pè. Mo pè é títí, ó ń dún, ẹ ò gbé e, mo sì mọ̀ pé ẹ mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n ti sọ fún yín pé Rámọ́tà lọ forúkọ sílẹ̀ bí ará Èkó, pé mo ti kọ ìlú baba mi sílẹ̀. Ìpàdé ọmọ ìlú ni wọ́n ti sọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, nítorí náà ojú gbogbo èèyàn lèmi náà á ti sọ tèmi. Mo gbọ́ pé ẹ ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún.

Bàbá, òótọ́ ni mo forúkọ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe é ni wọn ò sọ fún yín.

Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ mí mọ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Aṣọ àwọn awakọ̀ agbépo ni mò ń fọ̀, àwọn tó ń tò de epo lápá Kirikírí. Inú ọkọ̀ làwọn míì ń sùn, títí aṣọ wọn á fi máa rùn bíi epo dísù. Lásìkò òjò yìí, bí mo bá sá aṣọ tán, kí n tó yíjú, òjò á ti dé, á di kí èmi àti òjò jọ máa sáré. Bàbá Àwáwù ti wa ọkọ̀ lọ òkè Ọya, ibi tí fóònù wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Èmi àti ọmọ la wá jọ ń wo ojú ara wa. Èèyàn kún inú ilé, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ṣùgbọ́n Ìyá Àwáwù ni gbogbo wọn ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Rámọ́tà. Nǹkan díẹ̀ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ á ṣì dé lópin oṣù, ẹ báà gbé fóònù, ẹ má báà gbé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ wá pàgọ́ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò yìí, èdè yòówù kó máa sọ, wá gba káàdì ìlera, kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lè máa rí ìtọ́jú gbà nílé ìwòsàn ìjọba. Àwọn olùkéde wọn sọ ọ́ ní Yorùbá, Íbò, Ìjọ̀, Haúsá àti Ègùn, wọ́n wá fi píjin dé e ládé. Ẹnu ò kò. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n fẹ́ fi gbà. Àwọn ará Marine Beach ní ilé àwọn ni wọ́n fẹ́ wá wó.

Tábìlì méjì ni wọ́n tẹ́. Ọ̀kan wà fún àwọn tó wá láti ibòmíràn, kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn lè ṣàlàyé fún wọn. Èkejì wà fún àwọn ará àdúgbò. Àwa ọmọ Ìgbòho kó ara wa jọ, a wọ aṣọ tó dáa, a lọ. Bí a ṣe dé tábìlì àkọ́kọ́, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fárígá: ó ní ta ni wọ́n ń pè ní àjòjì, ṣé Yorùbá á wá di àjòjì nílẹ̀ Yorùbá ni? A kọjá sí ìkejì. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní ká sáà ti sọ pé ará Ajégúnlẹ̀ ni wá. Alága ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọmọ Ìgbòho ni wá, àjò la wá ṣe. Ọmọbìnrin yẹn wo tábìlì yìí, ó wo tọ̀hún, ó wá fẹ̀sọ̀ bi wá pé ṣé kí òun lọ gbé tábìlì kẹta wá ni. A gbé àyà sókè, a gbé ọwọ́ òfìfo relé. Àwọn Ìjọ̀, àwọn Íbò, àwọn Ègùn, gbogbo wọn ló gba káàdì. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Èmi náà wà nínú òròmọdìẹ ọ̀hún, Bàbá, ká ní ẹ sì wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò bá ṣíwájú wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ikọ́ fée gbé Àwáwù. Ọ̀sán ni, òjò ń bọ̀, mo ń sáré ká aṣọ. Nígbà tí mo wọlé, mo bá a tó di ògiri mú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí kò jáde. Ó ń wò mí. Ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo figbe ta. Ìyá Tárí, obìnrin Ìjọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló sá wọlé. Ọmọ tirẹ̀ náà ní àìsàn yìí, káàdì yẹn ni wọ́n sì fi fún un ní oògùn tí wọ́n ń fọ́n sọ́mọ lẹ́nu. Òun ló fọ́n sí Àwáwù lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀, èémí padà. Nígbà tí ara wa wálẹ̀, ó fi píjin bá mi wí. Ó ní ṣé èmi ò dey Ajégúnlẹ̀ ni, níbo wá ni ọmọ mi ti ń mí?

Bàbá, orúkọ ìyá yín la sọ ọmọ yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ, èmi nìkan. Wọ́n ní kí àgbà àdúgbò kan wá jẹ́rìí mi. Ìyá onílé wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Àwórì, fi ọ̀pá tilẹ̀ tẹ̀lé mi. Wọ́n ní àwọn mọ̀ mí, ilé àwọn ni mò ń gbé, mo sì mọ èèyàn kí. Ọmọbìnrin náà bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Ìgbòho, ó sì kọ Ìgbòho. Ó bi mí pé níbo ni mò ń gbé, mo ní Ajégúnlẹ̀, ó kọ ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi ọ̀kan gba èkejì. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tó ń ka èyí, wọ́n ṣì ń ṣe é o. Wọn kì í gbowó. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín dání, ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tábìlì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ gba káàdì, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí yín. Ọmọbìnrin yẹn ní ó ku ìbéèrè kan: bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí tí wọn ò rí mi, ta ni kí wọ́n pè? Bàbá Àwáwù wà lójú ọ̀nà. Ìyá mi kò ní fóònù, tiyín ni wọ́n ń bá yín lò. Mo ní kí ó kọ nọ́ńbà yín, pé bàbá mi ni. Ó ní kí n pè yín kí òun gbọ́ ohùn yín. Ó dún títí, ó dá. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn wà. Mo ní kò sí.

Ó ní òun fúnra òun á pè yín. Bàbá, bí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ bá pè yín láti Èkó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e. Bí ẹ ò bá tíì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo fara mọ́ ọn. Kí ẹ sáà sọ fún wọn pé ẹ mọ ọmọ náà.

Kí Ọlọ́run fi ara líle àti ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Àwáwù ń kí bàbá àgbà.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní bàbá mìíràn,
Rámọ́tà