Epo Ẹ́ńjìnnì Tí Omi Òjò Wọ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Libreville. Òjò ò dá rárá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé wàyí.

Ṣé ẹ rántí Rámọ́nì ọkọ mi, tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú jù? Ó ṣì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní àdúgbò wa, Lalala. Láti ìgbà tí àwọn ará ibí ti gba òmìnira ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, ó sì ti ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó fi ń kó èrò sọdá.

Láàárọ̀ Àìkú, Láṣisì, ọmọ ìlú wa tó ń gégi ní òdìkejì omi, fi ọkọ̀ àjẹ̀ wá bá wa. Gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin.

"Ẹ̀gbọ́n, Sìkírá ìyàwó mi ti ń rọbí láti àná, ọmọ ò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yín bá mi gbé e wá sí ọ̀pítálì."

Rámọ́nì ti da epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tirẹ̀ nù kó lè rọ tuntun sí i. Nígbà tó ṣí garawa epo tuntun, omi òjò ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé, epo náà sì ti funfun bí omi ògì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà ní títì. Ó jókòó sórí táyà.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo rí, níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ti ìkòkò epo pupa, tí ẹ yí etí sí i, tí ẹ ní kí gbogbo wa dákẹ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́ bóyá omi ṣì ń ta nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sè é," ni mo wí.

"Ṣé o fẹ́ dáná sun wá ni? Epo mọ́tò kì í ṣe epo pupa!" ni Rámọ́nì wí.

"Omi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí omi náà ni."

A gbé e kalẹ̀ títí omi fi rọ̀ sísàlẹ̀, mo sì rọra da tòkè sínú ìkòkò irin. Mo gbé e ka èédú díẹ̀ níta, mi ò dé e. Ó ń ta pàrà pàrà, ó ń hó. Bó bá ti fẹ́ ru, màá wa èédú kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Epo náà mọ́. Láṣisì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè tètè tutù, bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tí ibà ń ṣe. A fi aṣọ sẹ́ ẹ, Rámọ́nì rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, òun àti Láṣisì sì lọ.

Mo dúró sétí omi títí mi ò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé Sìkírá dé ọ̀pítálì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Ó pẹ́ kó tó ké, ṣùgbọ́n ó ké.

Ìyá mi, ta ló jókòó tì yín nígbà tí àìsàn yín le? Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti sin yín. Ṣé ẹ pè mí?

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, mo gbé e sún mọ́ ikùn mi. Èmi náà ti lóyún. Mi ò tíì sọ fún Rámọ́nì. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.