Pátákó Iye Mẹ́ta

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Camp Johnson Road.

Inú ń bí mi gidigidi.

Ilé-iṣẹ́ tó kọjú sí ibi tí mo ti ń ta ìrẹsì ló gbé pátákó wá síwájú ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kọ iye mẹ́ta sí i: owó kíkún, ìdajì, àti ohunkóhun tí o bá ní. Oníbàárà á fọwọ́ tọ́ka sí èyí tágbára rẹ̀ ká, ilé-iṣẹ́ á sì fi ìrẹsì tí a ò tíì sè dí èyí tó bá dín fún mi. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òmùgọ̀ ni mí.

Lónìí ọ̀gá wọn jáde wá ra oúnjẹ. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ohunkóhun tí o bá ní, ló tọ́ka sí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà tọ́ka síbẹ̀.

Fatu tó ń ru ẹja láti etí òkun ní West Point ló wà lẹ́yìn wọn. Ohun tó bá ní ló máa ń fún mi, màá sì bu tirẹ̀ kún, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ó wo pátákó, ó wo àwọn èèyàn.

“Ol' Ma, ìyá mi, ebi ò pa mí lónìí o.”

Mo sì ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn.

Ta ló sọ fún wọn pé mi ò mọ ẹni tí kò ní? Ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ṣíbí ni mo fi ń dáhùn. Wọ́n wá fẹ́ kí èèyàn máa nàka sí òṣì ara rẹ̀ ní gbangba.

Bí ọ̀gá yẹn bá béèrè pátákó rẹ̀, màá ní…

Mo ti la pátákó náà sí wẹ́wẹ́. Òun ni màá fi dáná láàárọ̀ ọ̀la. Abọ́ àkọ́kọ́, Fatu ló ni ín.