Ọkọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀, Tó Sì Ń Dìde

                                        Yàrá tó kángun sí àtẹ̀gùn,
                                        Ilé Ibùgbé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tó ṣọ̀wọ́n bí ojú,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ tó ń sunkún nítorí ìdánwò ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí? Iṣẹ́ aṣọ rírán tí o ń kọ́ ńkọ́? Ṣé ọ̀gá rẹ ti jẹ́ kí o fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà, àbí bọ́tìnnì lo ṣì ń gán? Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Mi ò gbàgbé rẹ. Ṣe ni mò ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì ń fà á ya, torí mi ò mọ bí màá ṣe sọ ohun tí ojú mi rí tí kò ní dà bí irọ́.

O bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí o gbọ́, pé ilé wa ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù, ọkọ̀ Faransé, irú èyí tí àwọn ọ̀gá àgbà máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ka ìwé ìròyìn. O ní ọkọ àǹtí rẹ fẹ́ ra irú rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣe é gbọ́kàn lé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdáhùn ìbéèrè kejì yẹn gùn, mi ò sì dá ara mi lójú pé èmi ló yẹ kó dáhùn rẹ̀. Ṣáà fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé káfíńtà òrùlé ni bàbá mi, o sì mọ̀ pé wọ́n já bọ́ láti orí òrùlé lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí o lè má mọ̀ ni bí ẹ̀yìn wọn ṣe rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọn ò lè wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Bí táyà bá ṣèèṣì bọ́ sí kòtò tí kò ju àwo lọ, igbe tí wọ́n máa ń ké á mú kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè máa bá wọn na iṣan ẹsẹ̀. Dókítà sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí wọn ò bá lọ, ẹsẹ̀ òsì yóò gan, kò sì ní nà mọ́. Bàbá mi ní kó gan. Wọ́n ní kàkà kí àwọn tún wọ ọkọ̀ tó ń gbọn èèyàn bí ẹni ń gbọn eruku, kí ẹsẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Wọ́n yí ojú sí ògiri, ó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ẹnìkan sọ fún màmá mi níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ ta ọkọ̀ olóògbé ọkọ rẹ̀, pé ọkọ̀ náà rọ̀ bí ìrọ̀rí. Màmá mi dé ilé, ó ní, "Ẹnjiníà wa ni yóò lọ yẹ̀ ẹ́ wò." Èmi kẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi, ọdún kìíní ni mo wà! Ìṣirò àti ilà yíyà ni wọ́n ṣì fi ń lù wá lórí. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí, màmá mi ò gbà. Ó ní, "Ẹni tó ń kàwé ẹ́ńjìnnì kò ní mọ ẹ́ńjìnnì? Kí wá ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ láti àárọ̀?"

Mo bẹ mẹkáníìkì àdúgbò wa kó tẹ̀ lé wa. Ó-Ti-Tán là ń pè é, torí kò sí ọkọ̀ tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ mi orí sí, kó ní, "Èyí ti tán," kó tó wá tún un ṣe.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí náà, ọkọ̀ ọ̀hún dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó fi ikùn lélẹ̀ pátápátá bí ajá tí oòrùn pa. Aláwọ̀ eérú ni, ó gùn, ó ń dán. Ó-Ti-Tán kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, òkú lẹ ń ṣọ́ o. Èyí ti tán."

Màmá agbẹ̀bí wò ó látòkèdélẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn tí wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́ kí wọ́n tó ké pọ̀ ju irun orí rẹ lọ. Gbẹ́nu rẹ dákẹ́, kó jí."

Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kùn wẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ náà dìde! Ìdí ló kọ́kọ́ gbé sókè, jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, orí wá tẹ̀ lé e, ó gúnra, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo irun ara mi ló dúró. Díẹ̀ ló kù kí n kí i pé ẹ káàárọ̀. Màmá agbẹ̀bí ní ọkọ̀ náà kò ní sípíríìnì irin bí ọkọ̀ yòókù, pé orí òróró àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n dé mọ́nú àwọn òdù irin kéékèèké ló ń rìn, bó bá sinmi pẹ́, á kúnlẹ̀, bó bá jí, á dìde.

Ó-Ti-Tán ní, "Ó dáa. Ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ dìde, ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò dìde ńkọ́? Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi, bí ẹni pé mo gbé ìdáhùn sínú àpò. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá mi lè gùn ún wò ná?

Màmá agbẹ̀bí fúnra wọn ló wà á wá sílé wa. A bẹ bàbá mi títí wọ́n fi jókòó, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì di ojú. O rántí gegele ńlá tí wọ́n mọ sí iwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń gbá wa lórí mọ́ òrùlé ọkọ̀? Òun ni wọ́n ń bẹ̀rù. A rìn, a rìn, wọ́n ṣì di ojú. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ìgbà wo la máa dé ibi gegele yẹn, kí n lè múra sílẹ̀?"

Màmá mi ní, "A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́."

"Irọ́ ni!"

Màmá agbẹ̀bí yí ọkọ̀ padà, wọ́n tún gba orí rẹ̀ kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá mi lajú sílẹ̀. Wọ́n rí i tí iwájú ọkọ̀ gùn ún, wọ́n rí i tó sọ̀ ọ́, àmọ́ àga tí wọ́n jókòó sí kò mì. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan àga náà, bí ìgbà téèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, wọ́n kàn ní, "Háà." Háà yẹn ni a fi ra ọkọ̀.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá mi ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, pẹ̀lú àdúrà ní gbogbo oríta. Ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti ń kúnlẹ̀ nínú àgbàlá, bàbá mi á máa wò ó láti ojú fèrèsé, inú wọn ò ní dùn. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí." Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ká gbé pákó àti irinṣẹ́ wá. Orí àga ni wọ́n jókòó sí, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n fá a, wọ́n fi ọwọ́ ra á títí tó fi ń dán, ìtìmù, igi tí a ó fi ti ìdí ọkọ̀ sókè, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní rí lábẹ́ rẹ̀! Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wọn ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti já bọ́ nìyẹn. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí a má ti ìtìmù wọ̀nyẹn sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà wọlẹ̀ jù.

Àsìkò ìsinmi wa ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, mo jókòó sẹ́yìn. A dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ sí ẹnubodè ilé ìwòsàn, iná pupa kan tàn nínú ọkọ̀ níwájú màmá mi. Ìdarí ọkọ̀ le gbagidi. Màmá mi kígbe pé, "Ó ti ń kọ̀ sí mi lọ́wọ́ o!" Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró gbọnrangandan níwájú wa. Ọ̀rẹ́ mi, mo rí ikú. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mo pa wọ́n, èmi tí mo ní kí wọ́n gùn ún wò. Màmá mi tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Kò fò, kò gbọ̀n, ó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́yìn akẹ́rù náà. Ó tiẹ̀ tún rọra gbé wa dé ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè kó tó wá dùbúlẹ̀, òróró aláwọ̀ ewé ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Ó-Ti-Tán wá bá wa níbẹ̀. "Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? Ọkọ̀ Faransé ò ṣe é gbọ́kàn lé! Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin." Màmá mi ti ń sunkún, ó ní ká tà á bí a bá ti rí ẹni tó máa rà á. Ojú bàbá mi ti ń padà sí ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ògiri níbẹ̀.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n fi jáàkì gbé e, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Páìpù kékeré kan ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì ti là. Ẹ̀rún igi há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi tí wọ́n fá dán. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi kí n tó mọ̀. Lóròòru ni ọkọ̀ ń kúnlẹ̀ lé ìtìmù bàbá mi, tí ìtìmù ń jẹ páìpù.

Mi ò sọ ọ́. Mo padà sí ilé-ìwé pẹ̀lú rẹ̀ nínú mi. O mọ̀ mí, mi ò nawọ́ sókè rí nínú kíláàsì, àmọ́ mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ wa, títí tí wọ́n fi ní, "Wọlé, tàbí kí o padà, atẹ́gùn lò ń dí lọ́wọ́." Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Wọ́n ní ẹni tó ṣe irú ọkọ̀ yẹn pín òróró rẹ̀ ní ìpín: bó bá ń jò, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ó di ìpín ìkẹyìn mú fún bíréèkì. Kó pàdánù ohun gbogbo tán, kó ṣì lè dúró. Mo jókòó sórí àga láìtọrọ àyè. Ẹnìkan ní ìlú òkèèrè, tí kò mọ̀ wá rí, ti jókòó ro ọ̀rọ̀ màmá mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi! Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá rántí, ẹnu mi kì í pa dé.

Ó wá ku ti ilé. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ta ọkọ̀, ẹsẹ̀ á gan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó padà sọ bàbá mi di káfíńtà ni màá fẹ̀sùn kàn. Mo lọ sílé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní kí n gbé ìtìmù náà wá. Wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀. "Ibí yìí ni?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

Ẹ̀rín wọn kọ́kọ́ dà bí ikọ́, ó wá di ẹ̀rín gidi, wọ́n di ìbàdí mú. "Háà! Ọkọ̀ ò dà wá. Àánú mi ló pa á lára." Wọ́n wò mí. "Kí ló wá fẹ́ ká ṣe fún òun?"

"Kò fẹ́ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀. Yóò dìde."

Wọ́n yíjú sí màmá mi. "Ìyá Ẹnjiníà, o gbọ́? Kó gbogbo ìrọ̀rí yìí kúrò lẹ́yìn mi."

Màmá mi ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ọkọ̀ Faransé." Síbẹ̀ ó yọ ọ̀kan.

Ó-Ti-Tán ló pààrọ̀ páìpù, ó ń kùn, àmọ́ ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ gbé ìdí sókè, ó sún sẹ́yìn, ó mi orí, ó ní, "Èyí... kò tíì tán."

Nítorí náà, sọ fún ọkọ àǹtí rẹ pé kó yẹ gbogbo páìpù wò, kó má sì bu òróró mìíràn sí i bí kò ṣe tirẹ̀, aláwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń rí iná pupa tó sì ń fojú fò ó, kó má rà á. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fetí sílẹ̀, kó rà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ló sọ ọ́, kò sì tíì sí ẹni tó já mi nírọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a kúrò ní ilé ìwòsàn, màmá mi fẹ́ ya sí ọ̀nà ilé. Bàbá mi ní, "Níbo lò ń lọ? Lọ tààrà."

"Kí ló wà níwájú?"

"Mi ò mọ̀. Ṣáà lọ."

Màmá mi wò wọ́n, ó wò mí nínú dígí, ó lọ tààrà. A kọjá ibi tí ilé pin sí, a kọjá àwọn igbó kéékèèké, bàbá mi yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ síta, afẹ́fẹ́ ń gba àárín ìka wọn. A wà lójú ọ̀nà náà títí oòrùn fi rẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí a máa yí padà.

Bá mi kí màmá rẹ, kí o bá mi na àbúrò rẹ ní ìka lórí. Kí àǹtí rẹ àti ọkọ wọn. Bí ọ̀gá rẹ bá tún ní bọ́tìnnì ni kí o máa gán, gán an dáadáa, ọjọ́ ń bọ̀. Kọ̀wé sí mi kíákíá, má ṣe bíi tèmi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bíi tìrẹ ni mí,

Oníyèméjì.