Àgbo Agbára Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Midrand, 2009

Àǹtí Tósìn,

Ẹ kú ilé o. Màmá ńkọ́? Òtútù ibí ń gé ni létí, ṣùgbọ́n ara ọmọ le.

Àgbo agbára tí ẹ fi ránṣẹ́ ti gbé Fọlákẹ́mi ìyàwó mi dé ọsibítù. Ṣebí mo sọ fún yín pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kọjú ìjà sí kíndìnrín rẹ̀? Ẹ wá bọ́ wọn yó.

Dókítà ní àwọn kan wà láàárín wọn tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀; tirẹ̀ ò tó. Wọ́n ṣì ń wádìí bí wọ́n ṣe máa sọ wọ́n di púpọ̀, kí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ sọ fún wòlíì yín kó yéé tọrọ agbára fún un. Agbára rẹ̀ ló ń pa á.

Àbúrò yín,
Dọ̀tun