Orúkọ Mi Lórí Ṣíìpù Tó Bàjẹ́

Ìyá mi,

Ara mi le ní ìlú Campinas níbí. Ṣíìpù tí à ń ṣe níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà dígí, ni wọ́n fẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn etí odò yín. Mo dán an wò, kò lè fara da ooru. Síbẹ̀, ọ̀gá mi Evaristo kọ orúkọ mi sí i pé èmi ni mo jẹ́rìí pé ó yege.

Ó gbá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín: "Jandira, kí ni àwọn ará oko yẹn mọ̀?"

Mo ní: "Ará oko lèmi náà, ọ̀gá."

Mo kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà, wọn ò sì gba ṣíìpù náà mọ́. Mo ti fọ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ́jọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ó ń rí mi lára.

Mo ń sinmi dáadáa báyìí. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Zulmira. Ẹ má pe nọ́ńbà ibiṣẹ́ mọ́, tèmi ni kẹ́ ẹ máa pè.

Jandira yín